Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ àti Òkúta Inú Omi

Àwọn kan máa ń sọ pé ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì rí ojú obìnrin náà rárá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ̀ ọ́ lára. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

Iṣẹ́ eyín ni ọkùnrin náà ń ṣe. Kì í ṣe dókítà eyín o. Òun ni ẹni tí àwọn dókítà eyín ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, tó ń fi ìda ṣe àpẹẹrẹ ẹnu ènìyàn, tó ń gbẹ́ eyín àtọwọ́dá lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá ẹnu ẹni tó ni ín mu. Eléyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ eyín tirẹ̀ gan-an kò pé. Ọ̀kan ti yọ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré, kò sì tíì ráyè ṣe tara rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Baba rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé.

Ìyá yìí kì í ṣe ẹni à ń fojú di. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ipò mètírọ̀nù ló sì wà tó fi fẹ̀yìn tì. Títí di òní, bó bá wọ yàrá, àwọn ènìyàn á dìde láìmọ ìdí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fà á. Dókítà wá ní kó wá nǹkan tí yóò máa wò tí ara rẹ̀ yóò fi máa balẹ̀. Ló bá ra àpótí gíláàsì kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, ó gbé e sí pálọ̀, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbin ewéko omi sí i, ó sì kó ẹja sínú rẹ̀: àwọn pupa rúsúrúsú, àwọn abilà, àtàwọn tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí kì í dúró sójú kan. Kò pé oṣù méjì tí òkúta náà fi dúdú, tí pálọ̀ sì ń rùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bá a pe obìnrin tó ń tọ́jú àpótí ẹja kiri ilé.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Eléyín sáré wá sílé láti wá mú ìwé tó gbàgbé. Bó ti ṣí ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ na ìka sókè.

"Má pariwo. Wá wo nǹkan."

Obìnrin kan kúnlẹ̀ síwájú àpótí náà, ó kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ dé èjìká, omi sì mu ún dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀pá kan tó mọ́ gaara, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ife, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ìdí ọ̀pá náà lọ sínú korobá tó wà nílẹ̀. Ó ti ẹnu ọ̀pá bọ àárín òkúta. Òkúta dìde nínú ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìdọ̀tí dúdú yà kúrò lára rẹ̀ bí èéfín, ó bá omi gòkè, ó gba inú rọ́bà ṣàn lọ sí korobá. Bí òkúta bá ti fẹ́ gòkè jù, obìnrin náà á fi àtàǹpàkò fún rọ́bà pọ̀, òkúta á sì rọra bọ́ padà sáyè rẹ̀, ó ti mọ́ fínnífínní. Á wá gbé ọ̀pá sókè, á sún un síwájú díẹ̀, á tún tì í bọlẹ̀. Omi kò ta síta. Ẹja kò sá. Ọ̀kan lára àwọn pupa tiẹ̀ ń tẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kiri bí ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun a máa dá ọwọ́ tó mọṣẹ́ mọ̀. Eléyín dúró, kò mọ ìgbà tó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní.

"Ẹ ṣé o," obìnrin náà dáhùn láìyíjú. "Ẹ má bínú pé mi ò wẹ̀yìn. Bí mo bá wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, òkúta yìí á bá mi dé inú korobá."

Nígbà tó fọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán, ó dúró, ó ń nu ọwọ́.

"Ìyókù ńkọ́?" ìyá Eléyín bi í.

"Ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Màmá. A kì í fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Bó ti jáde tán ni ìyá náà mi orí. "Mo ti kọ́ nọ́ọ̀sì tó tó ọ̀ọ́dúnrún níṣẹ́. Mi ò tíì rí ọwọ́ tó rọ̀ báyìí. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni." Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára láti ọjọ́ yẹn.

Eléyín padà síbi iṣẹ́. Ìwé tó tìtorí rẹ̀ wá sílé, kò mú un.

Láti ìgbà náà ni Eléyín ti ń gbàgbé nǹkan sílé ní gbogbo Sátidé tí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ bá ń bọ̀. Lónìí kọ́kọ́rọ́ ni, lọ́jọ́ mìíràn awò ojú. Lọ́jọ́ kan ó ní oúnjẹ ọ̀sán òun lòun gbàgbé, bẹ́ẹ̀ abọ́ oúnjẹ náà wà ní abíyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fura. Ó rò pé iṣẹ́ ti ń pọ̀ lórí ọmọ òun ni.

Ní ìgbà kẹrin, ó ní kí obìnrin náà jẹ́ kí òun gbìyànjú ẹ̀.

"Ẹ fi ẹnu fa ìdí rọ́bà yìí díẹ̀, kí omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kí ẹ tètè yọ ẹnu o."

Eléyín fà á bí ọmọ tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kó tó yọ ẹnu, omi ẹja ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú sì ń tì í láti tu ú sórí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ nù. Ló bá gbé e mì.

"Ẹ kú oúnjẹ o," Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn gan-an ni Eléyín tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ojú tí wọ́n ń yà sára kàlẹ́ńdà. Ojú ẹni tó ń gbọ́ ohun tí a kò tíì sọ ni, ó sì tu Eléyín lára ju omi tó mu lọ.

Ó bá a gbé korobá jáde. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ da omi dúdú náà sí ìdí òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. "Ohun tí ẹja yà sílẹ̀," ó ní, "òdòdó ò kọ̀ ọ́."

"Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan," Eléyín sọ. "Ṣé ẹnì kan wà tó ń dúró dè yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá agbẹjọ́rò kan ní òpópónà kejì."

Ọkàn Eléyín já wálẹ̀.

"Ó ní ẹja mẹ́rìnlá," ni obìnrin náà fi kún un, ẹ̀rín sì ń yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn dáadáa."

Ó yí korobá dojú dé kí omi inú rẹ̀ lè ro. "Kò sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi wà. Ẹni tó bá fẹ́ mi á fẹ́ korobá mi. Ọkùnrin méjì ti ní kí n jù ú nù. Àwọn ni mo jù nù."

"Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn nìyẹn."

Obìnrin náà tọ́ka sí ilé. "Ìyá yín ńkọ́?"

Eléyín bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi? Ìyá mi tó ń yìn yín láti àárọ̀ dalẹ́?"

"Yíyìn yàtọ̀ sí gbígbà," Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní. Ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń rí ara wọn. Wọn a máa rìn lọ títí dé etí odò, wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́: bí omi tuntun ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú korobá di ọjọ́ kejì kó tó kan ẹja, bí eyín iwájú ṣe ṣòro ju ti ẹ̀yìn lọ. Eléyín kò rí obìnrin tí ọ̀rọ̀ eyín ń dùn mọ́ nínú rí. Nígbà tó yá, ó sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá náà pa rédíò. "Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fún lórúkọ."

"Mo yìn ín, mi ò sẹ́ pé mo yìn ín. Mo yin awakọ̀ tó gbé ẹyin mi dé ilé láìfọ́. Ṣé kí n wá fi í ṣe àna ni? Obìnrin tó ń ti ilé onílé bọ́ sí ilé onílé, tó ń fa ìgbẹ́ ẹja! Kí ni n ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi?"

"Ẹ ó sọ pé ó mọṣẹ́, Màmá."

"Mi ò fi àárẹ̀ tọ́ ọ dàgbà kí n lè wá sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti tán."

Kò tán. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí Eléyín tó dé láti ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ti pàdé Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Onídìrí, àbúrò ìyá náà tó ní ṣọ́ọ̀bù irun nísàlẹ̀ ilé, ló rí gbogbo rẹ̀, òun ló sì sọ fún Eléyín.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí korobá rẹ̀ kọjá ìloro. Ó ní, 'O ṣé, ọmọ mi, a ti rí ọ̀nà mìíràn.' Ọmọ yẹn dúpẹ́. Ó tún ní kí wọ́n má fọ gbogbo òkúta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi tì."

Eléyín sáré lọ sílé wọn. Baba Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló ṣí géètì. Oníṣẹ́ páìpù ni, òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwà omi láti kékeré.

"Mi ò bá ọ jà," bàbá náà ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà bí ẹni tó jalè. Mi ò lè fi í fún irú ilé bẹ́ẹ̀."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ jáde sẹ́yìn baba rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò kórìíra yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́."

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Eléyín ń jẹun, kò mọ adùn. Ó gbẹ́ eyín iwájú kan lẹ́ẹ̀mẹta, dókítà dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹnu ta lo ṣe eléyìí fún?" dókítà bi í. "Ẹnu ẹṣin?" Ó ń rò ó bóyá kí òun kó jáde nílé. Ṣùgbọ́n bó bá rántí pé ìyá yìí ló dá nìkan tọ́ òun, tó ń ti ibi iṣẹ́ dé tó tún ń fọ aṣọ iléèwé òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Bó bá sì rántí àtàǹpàkò obìnrin kan lórí rọ́bà, àyà rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ìyá rẹ̀ kò ríran rí ìṣòro rẹ̀, àpótí ẹja ló ń rí. Òkúta ti tún dúdú. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ká aṣọ sókè. Ó kó gbogbo òkúta sínú ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé, ó sè é títí ó fi hó kutukutu, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó tún un sè, ó sì pààrọ̀ gbogbo omi pátá. "Ohun tó bá ti hó, àrùn kò sí lára rẹ̀ mọ́," ó ní. Ohun tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nìyẹn. Àpótí náà dán gbinrin. Ó pe àwọn ará ilé kejì wá wò ó.

Ní ọjọ́ kẹrin, omi náà funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ní ọjọ́ karùn-ún, gbogbo ẹja gòkè wá, wọ́n ń la ẹnu sí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, méjì léfòó. Ìyá Eléyín fọwọ́ lẹ́rán síwájú gíláàsì. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ara rẹ̀, ó wo nọ́ńbà, ó yára pa ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pè é," Àǹtí Onídìrí ní.

"Kí n pè é, kí n wá ní kí ni?"

"Kí ẹ ní ẹ kú ilé."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Eléyín ti nawọ́ sí fóònù rẹ̀ kí ó tó dá ọwọ́ dúró. Ohun tó ń wù ú láti ọ̀sẹ̀ méje ló dé yìí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ti sọ pé kó má wá mọ́.

"Màmá, tí èmi bá pè é, ẹja ni mo fi tàn án wá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

Ló bá di pé Àǹtí Onídìrí bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi oníbàárà kan sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Kò pé wákàtí kan tí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ fi wọlé. Kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ó kúnlẹ̀, ó bu omi díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló fọ òkúta yìí?"

"Èmi ni," ìyá náà sọ jẹ́jẹ́. "Mo sè é."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ di ojú, ó la á. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan yọ nínú àpò rẹ̀, òkúta tó dúdú láti inú àpótí ẹja tirẹ̀ nílé ló kún inú rẹ̀.

"Ẹlẹ́gbin yẹn? Sínú omi mi?"

"Màmá, ẹ jókòó."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin náà nínú ilé yẹn rí. Ó jókòó.

"Àwọn nǹkan kan wà lára òkúta tí ojú ò lè rí," Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní. "Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n jù mí lọ, ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ ọsibítù. Ti ọsibítù lè pani, ṣùgbọ́n àwọn tibí ń gbani ni. Májèlé tó wà nínú ìgbẹ́ ẹja, àwọn ló ń jẹ ẹ́ rún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn tó kù lè tún bí sí i. Nígbà tí ẹ sè é, gbogbo wọn kú. Ni àwọn ẹja wá ń gbé inú ìgbẹ́ ara wọn."

Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó yé e. Kò tún sí ẹni tó lè yé jù ú lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ fi wá lójoojúmọ́. Ó so ìbọ̀sẹ̀ náà rọ̀ sínú omi, ó ń bu ìdá kan nínú mẹ́rin omi dànù, ó ń fi omi tó ti sùn dípò rẹ̀. Eléyín ló ń pọn omi náà sílẹ̀, ìyẹn nìkan ni àyè tó ní. "Ẹ káàárọ̀." "Ẹ kú iṣẹ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó bó ti ń ṣe sùúrù fún ohun tí kò lè dúpẹ́, ó sì ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, bí n kò bá tiẹ̀ fẹ́ obìnrin yìí, mo ti rí irú ènìyàn tó yẹ kí n jẹ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, omi mọ́ gaara. Àwọn ẹja wálẹ̀, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ láàárín òkúta.

"Lọ fẹ́ ẹ," ìyá Eléyín ní.

Eléyín sáré dé ilé oníṣẹ́ páìpù, mímí ò délẹ̀. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ń sá rọ́bà sórí okùn.

"Ìyá mi ti gbà!"

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí… ẹ gba àwọn ẹja là."

Ó fi rọ́bà sílẹ̀. "Tí àwọn ẹja yẹn bá kú ńkọ́? Tí mo bá dé, tí ọwọ́ mi ò sì ká a mọ́, ṣé mi ò yẹ nìyẹn?"

Eléyín padà sílé, ó sì jíṣẹ́ ìbéèrè náà fún ìyá rẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Nígbà tí ìyá náà jáde nínú yàrá lọ́jọ́ kejì, ó ti wọṣọ, ó ti gbé àpò kọ́ apá. "Gbé mi lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ páìpù."

Bàbá náà wà lágbàlá, ó ń gé páìpù lórí tábìlì. Kò dìde. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀. Àga nìyẹn."

"Màá kọ́kọ́ dúró," ìyá Eléyín ní. "Mi ò wá tọrọ ìyàwó. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó ní ẹnu. Àforíjì ni mo wá tọrọ." Ó di àpò rẹ̀ mú ṣinṣin. "Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, ìyá ọkọ mi ní ọmọ òun ò ní fẹ́ obìnrin tó ń gbé ìgbẹ́ aláìsàn. Ọkọ mi fẹ́ mi ṣá, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ìyá yẹn ò fi jẹun lọ́wọ́ mi. Mo búra pé mi ò ní ṣe irú ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó kàn mí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló jáde lẹ́nu mi. Ìgbẹ́ ẹja nìkan ni mo fi rọ́pò ti ènìyàn."

Eléyín kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láyé rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó rí i pé èjìká rẹ̀ ti kéré ju bó ṣe máa ń rò lọ.

Ìyá náà yíjú sí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. "O bèèrè pé tí wọ́n bá kú ńkọ́. Ká ní wọ́n kú, èmi ni mo pa wọ́n. Ìwọ wá, lẹ́yìn tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Wíwá yẹn ló kà sí mi. Bí o bá gba ọmọ mi, inú mi á dùn. Bí o kò bá gbà á, ẹnu ọ̀nà iwájú ilé mi ṣí sílẹ̀ fún ọ."

Bàbá náà gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rọra fi ẹsẹ̀ sún àga síwájú. "Màmá, àga yìí kì í bu ènìyàn jẹ."

Ìyá náà jókòó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kò wo àwọn méjèèjì. Eléyín ló ń wò. "Ìwọ ńkọ́? Láti ìgbà yìí, ohun tí ìyá rẹ sọ lo ń bá mi sọ. Ìwọ fúnra rẹ ò tíì bi mí."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é ní ìwọ nìyẹn. Orí Eléyín wú. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ."

"Sọ ọ́ sókè," bàbá ní. "Iṣẹ́ páìpù ti dí mi létí."

"Mo ní màá fẹ́ ẹ!"

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó síwájú akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Fáànù ń yí lókè, akọ̀wé ń kọ fọ́ọ̀mù láìgbójú sókè.

"Iṣẹ́ ọkọ?"

"Mo ń ṣe eyín."

Akọ̀wé wo ẹnu rẹ̀, ó wo àlàfo iwájú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bi ìyàwó ní nǹkan kan, ó kàn ń kọ̀wé lọ ní tirẹ̀. Ìyá Eléyín dìde láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó fi awò sójú, ó tẹ̀ síwájú. Akọ̀wé dìde láìmọ ìdí.

"Kí lo kọ síbi iṣẹ́ ìyàwó?"

"Iṣẹ́ ilé, Mà."

"Pa á rẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa á rẹ́.

"Kọ ọ́ báyìí." Ó ń pè é fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ti máa ń pe orúkọ oògùn fún àwọn nọ́ọ̀sì. "Olùtọ́jú. Ẹja. Àti omi. Inú ilé."

"Ìlà yìí ò gùn tó o, Mà."

"Kọ ọ́ kọjá ìlà."

Akọ̀wé kọ ọ́ kọjá ìlà. Lẹ́tà náà gun etí ìwé lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí tábìlì, débi pé nígbà tí wọ́n fún ìyàwó ní bírò, ẹ̀rín ló ń rín, tó ń wá ibi tó kù tí òun lè fọwọ́ sí.